Kí Agbanisíṣẹ́ Tó Ka Ìwé Gbèsè Rẹ

Lára àwọn ìwé tí wọ́n máa ń kó fún ọ̀dọ́ tó yege ìdánwò báńkì, ọ̀kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà délẹ̀ kí wọ́n tó buwọ́ lù ú. Ìwé náà ń gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ilé iṣẹ́ lọ wo ohun tí credit bureau, ilé iṣẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ gbèsè àwọn ènìyàn, ní nípa rẹ̀. Inú ọmọ náà ti dùn jù. Ó ń ro aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ń ro mọ́tò tí yóò máa gbé e láti Mowé dé Berger láàárọ̀ kùtùkùtù. Ó buwọ́ lù ú, ó dá a padà. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn kọjá, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Bó bá pe HR, wọ́n á ní àwọn ṣì ń yẹ ìwé wò. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé owó kékeré kan tó yá lórí fóònù nígbà tó ń sin ìlú, èyí tó rò pé òun ti san tán, ló ṣì wà lójú ìwé náà gẹ́gẹ́ bí gbèsè tí a kò san.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń gbé Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀ gidigidi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni owó ilé lé kúrò ní Kétu, Òjòdú tàbí Agége, tí wọ́n wá gba yàrá tàbí ra ilẹ̀ lẹ́bàá márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, tàbí lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta níhà Ìfọ̀. Ilé ló kúrò l'Ékòó, iṣẹ́ kò kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ló ń kọ́kọ́ jẹun nínú owó oṣù kí ọmọ tó jẹ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn fi owó oṣù tó kéré jù lọ sí 77,000 náírà lọ́dún 2024. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹni tó ń gba iye yẹn, tó ń wọ mọ́tò lọ sí Èkó tó sì ń wọ̀ ọ́ bọ̀ ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, èló ni yóò kù fún gààrí, fún owó ilé, fún owó iléèwé? Ẹni bẹ́ẹ̀ yóò yáwó. Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ, kì í sì ṣe pé ó ya oníjìbìtì.

Irú gbèsè tó wà nílẹ̀ wa sì pọ̀. Àjọ wà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà. Owó tí wọ́n ń yá àwọn obìnrin ọjà lẹ́gbẹ́ lẹ́gbẹ́, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní gbọ́mú-lé-lántà, wà. Sógúndogójì wà fún ẹni tí ọ̀ràn ti ká mọ́. Lóònù orí fóònù ló dé kẹ́yìn, òun ló sì yá jù: kò béèrè onídùúró, kò béèrè ilẹ̀, owó á wọlé kí oúnjẹ tó jinná.

Nínú gbogbo wọn, díẹ̀ ló ń dé inú ìwé tí agbanisíṣẹ́ ń kà. Obìnrin tó ń dá àjọ ní ọjà Ìfọ̀, tí kò já ẹgbẹ́ rẹ̀ kulẹ̀ rí láti ọdún gbọọrọ, kò sí ibi tí wọ́n kọ ìṣòótọ́ rẹ̀ sí. Bí wọ́n bá wá orúkọ rẹ̀, òfìfo ni wọn yóò bá. Ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ bá yá ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà lórí fóònù, tó san ojú owó tó sì gbàgbé èlé tó kù, ìyẹn lè wọ àkọsílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń wáṣẹ́ fi sọ́kàn nìyí: ìwé yẹn kì í ṣe ìwà rẹ. Apá kan péré ni, lára bí owó ṣe ń wọlé tó sì ń jáde lọ́wọ́ rẹ, àwọn ẹlòmíràn ló sì kọ ọ́. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ìwọ fúnra rẹ kọ́kọ́ kà á.

Láyé àwọn baba ńlá wa, gbèsè àti iṣẹ́ kò jìnnà síra. Samuel Johnson ṣàlàyé ètò ìwọ̀fà nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921: ẹni tó yáwó yóò máa ṣiṣẹ́ fún olówó, iṣẹ́ náà ló sì dúró fún èlé, títí ojú owó yóò fi pé. Ó sọ̀rọ̀ ológò náà, ẹni tí wọ́n ń rán lọ jókòó ti onígbèsè nínú ilé, tí yóò máa pariwo, tí yóò máa pa adìyẹ tó bá rí jẹ, títí ẹbí yóò fi wá owó jáde. Àwọn oṣómàáló láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń kiri aṣọ àwìn káàkiri, mọ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n lówó. Ìyà pọ̀ nínú ètò wọ̀nyẹn, pàápàá fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi ṣe ìwọ̀fà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá wọn padà. Síbẹ̀, gbèsè kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìwọ̀fà, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń san èlé. Èyí tí à ń ṣe lónìí ni pé a ó gba iṣẹ́ lẹ́nu onígbèsè, a ó sì tún máa retí owó lọ́wọ́ rẹ̀. Níbo ni kó ti rí i?

Báwo ni ìwé gbèsè náà ṣe ń dé ọwọ́ àwọn agbanisíṣẹ́? Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2014 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, bẹ̀rẹ̀ BVN, nọ́ńbà mọ́kànlá tó so gbogbo àkáǹtì ẹnì kọ̀ọ̀kan pọ̀. Kó tó dìgbà náà, kò ṣòro kí ènìyàn jẹ báńkì kan ní Ìbàdàn kó sì lọ yá tuntun ní báńkì mìíràn l'Ékòó. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2017, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó ń ṣe adelé Ààrẹ nígbà náà, buwọ́ lu òfin Credit Reporting Act. Òfin yìí ló fẹsẹ̀ iṣẹ́ àwọn credit bureau múlẹ̀, àwọn bíi CRC, FirstCentral àti CR Services. Báńkì, ilé iṣẹ́ microfinance àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù ló ń fi orúkọ wa, iye tí a yá àti bí a ṣe ń san án ránṣẹ́ sí wọn. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020, CBN tún gbé ètò GSI kalẹ̀, èyí tó jẹ́ kí báńkì tí o jẹ lè fa owó rẹ̀ yọ nínú àkáǹtì rẹ ní báńkì mìíràn. Ẹni tó rò pé òun lè sá fún gbèsè nípa ṣíṣí àkáǹtì tuntun ń tan ara rẹ̀.

CBN ní ìlànà fún gbèsè tó pẹ́. Bó bá ti kọjá ọjọ́ 90, ó ti ní orúkọ. Bó bá kọjá ọjọ́ 180, orúkọ náà á burú sí i. Bó bá kọjá ọjọ́ 360, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti sọnù. Kò sí ibi tí ìwé náà ti ń béèrè ìdí. Ìbáà jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tí o ń bá ṣiṣẹ́ kò san owó oṣù mẹ́ta, ìbáà jẹ́ pé ìyá rẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ìbáà jẹ́ pé o fi owó náà ta tẹ́tẹ́, ìlà kan náà ni wọn yóò kọ.

N kò sọ pé báńkì kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wò ó. Ẹni tí yóò máa ka owó olówó láti àárọ̀ dalẹ́, ó yẹ kí wọ́n mọ bó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Òfin báńkì, BOFIA 2020, kò gbà kí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti kéde pé ó wọ gbèsè tí kò lè san jẹ́ olùdarí tàbí ọ̀gá ní báńkì. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni kí wọ́n fi ojú kan náà wo ẹni tó ń wá iṣẹ́ awakọ̀ tàbí ti ẹni tó ń tún ọ́fíìsì ṣe.

Ọwọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ ni ohun tó ṣeé ṣe jù wà. Òfin ọdún 2017 fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìwé àkọsílẹ̀ rẹ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. BVN rẹ àti ìdánimọ̀ rẹ ni wọn yóò béèrè. Gbà á kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ránṣẹ́ káàkiri, má dúró dìgbà tí wọ́n bá pè ọ́ fún íńtáfíù, nítorí àtúnṣe ń gba àkókò. Má sì fi mọ sí ti credit bureau kan ṣoṣo. Ohun tí CRC ní lè yàtọ̀ sí ohun tí FirstCentral ní, o kò sì mọ èyí tí agbanisíṣẹ́ rẹ ń lò.

Nígbà tí o bá ń kà á, fara balẹ̀. Wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ rẹ àti ọjọ́ ìbí rẹ. Wo bóyá lóònù kan wà níbẹ̀ tí o kò mọ̀ rí, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti lo BVN rẹ. Wo èyí tí o ti san tán tí wọn kò tì. Èyí wọ́pọ̀ gan-an. Owó táṣẹ́rẹ́ kan, èlé ọjọ́ mélòó kan, lè kù sídìí lóònù tí o ti gbàgbé, kó máa ka ọjọ́ lórí rẹ. Bí o bá ti ṣe onídùúró fún ọ̀rẹ́ tàbí ẹ̀gbọ́n ní báńkì rí, wá ìyẹn náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fi ojú àánú buwọ́ lùwé, tí kò tún béèrè mọ́ bóyá ẹni náà san án.

Ohun tí kò bá tọ́, kọ lẹ́tà sí báńkì tàbí ilé iṣẹ́ tó fi orúkọ rẹ ránṣẹ́, kí o sì kọ sí credit bureau náà. So rìsíìtì àti sítétímẹ́ǹtì àkáǹtì rẹ mọ́ ọn. Pa ẹ̀dà gbogbo ohun tí o kọ mọ́, pẹ̀lú ọjọ́ tí o kọ ọ́. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí báńkì kò dá ọ lóhùn, gbé e lọ sí ẹ̀ka CBN tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Ààrẹ Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023 wà lẹ́yìn rẹ níbí. Ó fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí wọ́n ní nípa rẹ àti láti ní kí wọ́n tún un ṣe, ó sì fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti takò ìpinnu ńlá tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ló ṣe é lórí rẹ. Ohun tí kò sì gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí o kó owó fún ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun lè bá ọ nu orúkọ rẹ kúrò. Ilé iṣẹ́ tí o jẹ lówó ló lè fi àtúnṣe ránṣẹ́.

Bí gbèsè náà bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Lọ bá wọn dúnàádúrà. Ọ̀pọ̀ wọn yóò gba owó díẹ̀díẹ̀, àwọn mìíràn yóò tilẹ̀ yọ lára èlé bí ojú owó bá dé lẹ́ẹ̀kan náà. Gba àdéhùn náà ní kíkọ. Bí o bá san tán, béèrè lẹ́tà pé o kò jẹ wọ́n mọ́, má kúrò láìgbà á. Má lọ yá lára ẹ̀rọ kejì fi san ti àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti já sí kòtò tí wọn kò rí ọ̀nà jáde. Àkọsílẹ̀ náà kò ní pa rẹ́ lọ́jọ́ tí o san án, ṣùgbọ́n ìwé tó sọ pé o jẹ, o sì san, yàtọ̀ gédégbé sí èyí tó sọ pé o jẹ, o sì sá.

Ó wá ku sísọ ọ́ fún agbanisíṣẹ́. Kò yẹ kí ó wà nínú lẹ́tà tí o fi ń tọrọ iṣẹ́, kò sì pọn dandan níbi íńtáfíù àkọ́kọ́. Ìgbà tí wọ́n bá gbé ìwé àyè yẹn fún ọ ni àkókò rẹ̀. Sọ ọ́ ní ṣókí, má sunkún, má ka ìtàn ìyà: “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Kí ẹ tó lọ wo ìwé mi, ó yẹ kí n sọ fún yín pé lóònù kan wà níbẹ̀ tí mo pẹ́ san nígbà tí ilé iṣẹ́ tí mo wà tẹ́lẹ̀ kógbá sílé. Mo ti san án tán. Lẹ́tà báńkì nìyí, mà.” Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ máa ń bẹ̀rù ohun tí wọ́n fi pa mọ́ fún un ju ohun tí wọ́n sọ fún un lọ. Bí ó bá ti ẹnu rẹ gbọ́ ọ, tó sì wá kà á, ìwé náà ti di ẹ̀rí pé òótọ́ ni o sọ.

Àwọn kan lára àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù ti fi ìyà tiwọn kún un. Wọn kò dúró de credit bureau. Wọ́n á ki ọwọ́ bọ inú fóònù onígbèsè, wọ́n á kó gbogbo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, wọ́n á sì máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí pásítọ̀, sí àna, sí ọ̀gá iṣẹ́, pé olè ni. Ológò tí Johnson kọ nípa rẹ̀ kò ju inú agboolé kan lọ. Ti òde òní ń wọ fóònù gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ilé iṣẹ́ lóònù Soko Lending lórí irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, tó wà lábẹ́ Babátúndé Ìrùkẹ́rà nígbà náà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn ní Opebi, Ìkẹjà, ó sì fi dandan lé e lẹ́yìn náà pé kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Google kò gbà kí ẹ̀rọ lóònù máa wo nọ́ńbà àti fọ́tò inú fóònù mọ́. Ní 2025, FCCPC gbé òfin tuntun jáde tí ìtanràn rẹ̀ lè dé 100 mílíọ̀nù náírà. Nítorí náà, bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́, má sá pamọ́. Fi hàn án pé o mọ̀ nípa gbèsè náà, fi iye tó kù hàn án, kí o sì fi ẹ̀sùn ilé iṣẹ́ náà sùn ní FCCPC. Bí wọ́n bá fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà ọ́, mọ̀ pé òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, ACJA 2015, àti òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn lórí àdéhùn owó lásán.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti agbègbè wa gan-an. Lẹ́yìn ìwé gbèsè, ilé iṣẹ́ máa ń rán ẹnì kan wá wo ilé ẹni tó ń wáṣẹ́ àti ti àwọn onídùúró rẹ̀. Ní àdúgbò tuntun tó wà lẹ́yìn Ìbàfò àti Mowé, ọ̀pọ̀ òpópónà ni kò ní pátákó, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní nọ́ńbà. Àlejò tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì, tó mú fáìlì dání, tó ń béèrè ẹnì kan lórúkọ, agbowó gbọ́mú-lé-lántà ni àwọn aládùúgbò máa ń pè é. Wọ́n á ní àwọn ò mọ ẹni tó jọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á rò pé àwọn ń ṣe ọ́ lóore. Ọkùnrin náà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò mọ̀ ọ́ níbẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Sọ fún onílé rẹ, sọ fún ìyá tó ń ta ọjà lẹ́nu ọ̀nà, sọ fún mẹkáníìkì tó wà níkorítá, pé àwọn kan ń bọ̀ wá béèrè rẹ nítorí iṣẹ́. Kọ àmì tó ṣe kedere sínú fọ́ọ̀mù: orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, àwọ̀ géètì.

Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun náà ń bá yíyẹ ìwé gbèsè wò yìí pàdé. Ní London, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ń ṣe iṣẹ́ sẹkiúrítì, ìlànà BS 7858 ní kí wọ́n wo ìdájọ́ gbèsè tó wà lórí ẹni kí wọ́n tó gbà á. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń wà lórúkọ ènìyàn fún ọdún mẹ́fà, àfi bó bá san án láàárín oṣù kan. Ní Amẹ́ríkà, òfin wà fún un: agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba àyè ní kíkọ, bó bá sì fẹ́ tìtorí ìwé náà kọ̀ ọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún ọ ní ẹ̀dà rẹ̀. Ìlú New York lọ jìnnà ju ìyẹn lọ ní 2015, ó fòfin de yíyẹ ìwé gbèsè wò fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí aṣojú TransUnion, ọ̀kan lára àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta ìwé náà, sọ fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Oregon ní 2010: ó ní kò sí ìwádìí lọ́wọ́ àwọn tó fi hàn pé ohun tó wà nínú ìwé gbèsè ń sọ bí ènìyàn ṣe máa ṣiṣẹ́ sí tàbí bóyá yóò lu jìbìtì. Ẹni tó ń ta ọjà ló sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọjà rẹ̀. Ní South Africa, ìlànà tó wà lábẹ́ òfin gbèsè wọn gbà á láàyè fún iṣẹ́ tó bá gba òótọ́ nídìí owó. Èyí ló tọ́ lójú mi.

Ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ ìpínlẹ̀ Ògùn, láti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Ọtà títí dé iléèwé aládàáni ní Mowé, kò le. Ẹni tí yóò wa ọkọ̀, ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ẹni tí yóò to ẹrù, ẹ má béèrè ìwé gbèsè rẹ̀. Ẹni tí yóò di owó mú, ẹ béèrè, àmọ́ ẹ fi ohun tí ẹ rí hàn án, kí ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan láti fèsì kí ẹ tó gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Bó bá ń san gbèsè náà lọ́wọ́, ẹ ka iye oṣù tó ti san láìfo ọ̀kan. Bí ẹ kò bá sì lè gbà á síbẹ̀síbẹ̀, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sí i àti orúkọ credit bureau tí ẹ ti gba ìwé náà, kí ó lè lọ tún un ṣe kó tó wáṣẹ́ dé ibòmíràn.